Bí A Ṣe Lè Yan Ohun Tí A Ó Fi Rọ́pò Ata Sriracha Nínú Oúnjẹ Ilé

Ata inú ìgò tí wọ́n ń pè ní Sriracha, èyí tí wọ́n ya àkùkọ funfun sí lára, tí ìdérí rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé, ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ìlànà oúnjẹ ń dárúkọ gan-an, tí wọn kì í sọ pé "ata" lásán mọ́. Bí ènìyàn bá ti gbé ìkòkò kaná tán tí ó wá rí i pé ìgò náà ti tán, tàbí tí ó dé ilé ìtajà tí iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò ṣeé san, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé kí a mú ata yòówù tí ó bá wà nítòsí, kí a fi sí i. Oúnjẹ náà yóò ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ yóò yàtọ̀ sí èyí tí a ń wá, nítorí pé títa nìkan kọ́ ni ìgò yẹn ń gbé wọ inú oúnjẹ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe lè mọ iṣẹ́ tí ata náà ń ṣe nínú oúnjẹ tí a fẹ́ sè, kí a tó yan ohun tí yóò gba ipò rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ó fi máa ń wọ́n. David Tran, ọmọ Vietnam tí ó dé Los Angeles ní ọdún 1980, ni ó dá ilé-iṣẹ́ Huy Fong Foods tí ń ṣe é sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Orúkọ ata náà wá láti Si Racha, ìlú etí òkun kan ní ẹkùn Chonburi ní Thailand, níbi tí irú ata bẹ́ẹ̀ ti wà kí ti Amẹ́ríkà tó dé. Ata jalapeño tútù tí ó ti pọ́n ni Huy Fong ń lò, kì í ṣe ata gbígbẹ, nítorí náà bí ìkórè bá yẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè rọ sínú ìgò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oko kan ṣoṣo ní gúúsù California, Underwood Ranches, ni ó ń gbin ata náà fún wọn. Àjọṣe wọn dàrú ní 2016, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ní 2019 sì ni àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ ní kí Huy Fong san owó tí ó ju mílíọ̀nù 23 dọ́là lọ fún oko náà. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ yìí ti ń wá ata kiri, pàápàá ní Mẹ́síkò. Ọ̀dá mú kí wọ́n dá gbígba ìwé ọjà dúró fún oṣù díẹ̀ ní 2022, ìgò náà sì wọ́n gidigidi ní 2023. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún 2024, wọ́n tún dá iṣẹ́ dúró nítorí pé ata tí wọ́n rí kò tíì pọ́n tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ata yìí kò gbọdọ̀ gbára lé e nìkan. Ó yẹ kí ó mọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè gba ipò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ó wà nínú ìgò

Bí ẹ bá ka ẹ̀yìn ìgò náà, ata ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ṣúgà, iyọ̀, aáyù àti fínígà, pẹ̀lú èròjà tí kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́ àti xanthan gum tí ń mú kí ó ki. Ohun tí ó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ sára irú àkọlé bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹ ṣàkíyèsí pé ṣúgà ni ó tẹ̀lé ata. Ara àti àwọ̀ pupa ni ata fún un. Fínígà ni ń mú un kan, tí kì í fi í sú ẹnu nígbà tí a bá fi jẹ ohun ọlọ́ràá bí ẹyin díndín. Aáyù ni ẹ kọ́kọ́ ń gbóòórùn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí, ṣúgà sì ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá mú ata nìkan rọ́pò ti gbàgbé nǹkan mẹ́rin.

Ní ti títa, Sriracha kò ta tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ata ṣe ta tó ń jẹ́ Scoville, orúkọ Wilbur Scoville, apoògùn ará Amẹ́ríkà tí ó gbé e kalẹ̀ ní 1912. Lórí ìwọ̀n yìí, jalapeño wà láàárín 2,500 sí 8,000, nígbà tí ata rodo àti àwọn ẹbí rẹ̀ wà láàárín 100,000 sí 350,000. Ìyẹn ni pé ata rodo tí ó rọ̀ jù lọ ṣì ta ju jalapeño tí ó le jù lọ ní ohun tí ó ju ìlọ́po 12. Nínú ìgò, ṣúgà àti fínígà tún ti dín ti jalapeño náà kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí a dàgbà sídìí ata rodo gan-an nìyí. Òun ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ máa ń lọ bá, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ tí yóò mú oúnjẹ ta bí ṣíbí ìjẹun Sriracha kan kò ju èékánná ìka tí ó kéré jù lọ. Títa ti pé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó pupa, kò sí ohun tí ó ki, kò sí ohun tí ó dùn tàbí tí ó kan. Bí a bá sì ní kí a fi ata rodo púpọ̀ wá àwọ̀ àti ara yẹn, oúnjẹ kò ní ṣeé jẹ fún ọmọdé tàbí àlejò. Yàtọ̀ sí èyí, òórùn ata rodo lágbára, ó jọ ti èso, bí ó bá sì ti wọ inú núdùsù tàbí ìrẹsì díndín, òun ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́. Tàtàṣé pupa ni òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti jalapeño tí ó ti pọ́n jù láàárín àwọn ata ọjà wa. Ní tèmi, ara ata ni kí a ti ọwọ́ tàtàṣé gbà, kí a sì fi ti títa lé ata mìíràn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo iṣẹ́ tí ata náà ń ṣe nínú oúnjẹ yìí

Kí ẹ tó ṣí àpótí ata yín, ẹ bi ara yín pé kí ni ìlànà oúnjẹ náà fẹ́ kí Sriracha ṣe níbẹ̀, nítorí ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ dáadáa nínú ọbẹ̀ lè kùnà pátápátá lórí ẹyin.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kán an lé oúnjẹ lórí, bíi ẹyin, àkàrà, pizza tàbí ẹran sísun, kíki rẹ̀ ṣe pàtàkì bí adùn rẹ̀. Ohun tí ó ṣàn bí omi yóò sáré lọ sí ìsàlẹ̀ àwo, yóò sì mú kí àkàrà rọ̀. Níhìn-ín, ẹ nílò ohun tí ó ki, tí ó sì ṣeé jẹ bí ó ṣe wà láìsí pé a tún sè é.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ pò ó mọ́ mayonnaise fún sáńdíwíìṣì tàbí ọ̀dùnkún díndín, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Capsaicin, èròjà tí ń mú ata ta, kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ni ó ti ń yòrò; ìdí nìyí tí mayonnaise fi máa ń pa títa rẹ̀. Níbí, ẹ lè lo ata tí ó ta jù díẹ̀ láìsí ìṣòro, ohun tí ó sì kan yóò wúlò gan-an. Ẹ kàn ṣọ́ra fún omi rẹ̀, nítorí mayonnaise tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ á tú.

Bí ó bá jẹ́ pé inú páànù gbígbóná ni ó ń lọ, tàbí ara ẹran tí a fẹ́ sun, ṣúgà ni kí ẹ fojú sí. Òun ni ó ń mú kí ara apá adìyẹ dán, kí ó sì pọ́n, òun náà ni ó ń jóná tí ó sì ń korò bí iná bá pọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fi rọ́pò, bí ṣúgà bá wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ni kí ó wọ páànù.

Ní ti ọbẹ̀ olómi bíi pho ti àwọn ará Vietnam, tàbí ọbẹ̀ adìyẹ wa tí ó ṣàn, kíki kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí a ń wá ni títa, kíkan díẹ̀ àti aáyù, bẹ́ẹ̀ ni ó sì sàn kí olúkúlùkù fi sí àwo tirẹ̀ ju kí a dà á sínú ìkòkò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yàn láàárín ohun tí ó wà ní ọjà

Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni sambal oelek, ata gígún ti àwọn ará Indonesia, tí ẹ ó máa rí kóró ata nínú rẹ̀. Ata, iyọ̀ àti fínígà ni èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ìgò máa ń ní, kò sí ṣúgà, kò sì sí aáyù. Nítorí náà, fún ṣíbí ìjẹun Sriracha kan, ẹ mú sambal tí kò fi bẹ́ẹ̀ kún ṣíbí, kí ẹ fi ìdajì ṣíbí kékeré ṣúgà àti ìdajì ẹyọ aáyù tí a rin sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó dán bí ti inú ìgò, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kọjá nínú asẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé Huy Fong náà ń ta sambal oelek, ata kan náà sì ni ó fi ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n dá ọjà dúró ní 2022, méjèèjì ni wọ́n dá dúró. Ẹ wá ti ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ tún lè ra Sriracha tí kì í ṣe ti alákùkọ. Sriraja Panich ni ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Thailand, àwọn ará wa tí ó wà ní Ìlú Ọba sì máa ń rí Flying Goose, tí Thailand náà ti ń wá, nínú ilé ìtajà tí kò jìnnà sí wọn. Underwood Ranches tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ti ń ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ti Thailand sábà máa ń ṣàn ju ti Huy Fong lọ, ó sì máa ń dùn jù ú lọ. Bí oúnjẹ yín bá ti ní ṣúgà tàbí oyin nínú tẹ́lẹ̀, ẹ dín ìyẹn kù.

Tabasco ni ọ̀pọ̀ ilé ní. Erékùṣù Avery ní Louisiana ni ìdílé McIlhenny ti ń ṣe é láti 1868, wọ́n máa ń fi ata tí a ti gún pẹ̀lú iyọ̀ pamọ́ sínú àgbá igi títí di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó pò ó mọ́ fínígà. Ata dáradára ni, àmọ́ ó ṣàn, ó kan gan-an, kò sì ní ṣúgà tàbí aáyù. Bí ẹ bá wọn ṣíbí ìjẹun rẹ̀ kan níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ wọn Sriracha, fínígà ni oúnjẹ yín yóò máa rùn. Ẹ mú ṣíbí kékeré kan Tabasco, ẹ pò ó mọ́ ṣíbí kékeré méjì ketchup tòmátò, kí ẹ sì bu aáyù lílọ̀ díẹ̀ sí i. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe sí àwọn ata inú ìgò mìíràn tí ó ṣàn, tí wọ́n fi ata cayenne ṣe. Nínú ọbẹ̀ olómi nìkan ni mo lè gbà pé kí a lo Tabasco bí ó ṣe wà.

Gochujang ti Korea yẹ kí a fún un láyè dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń rà á báyìí tí wọn kò sì mọ bí a ṣe ń lò ó. Ata gbígbẹ tí a lọ̀, ìrẹsì, ẹ̀wà sóyà tí a ti jẹ́ kí ó kan àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó ki débi pé ṣíbí lè dúró nínú rẹ̀. Ó dùn, ó níyọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ta, kò sì kan tó Sriracha. Ṣíbí kékeré méjì rẹ̀, ṣíbí kékeré kan fínígà àti omi gbígbóná tí yóò mú un tú ni yóò rọ́pò ṣíbí ìjẹun Sriracha kan. Lára ẹran tí a fẹ́ sun àti nínú núdùsù ni ó ti dára jù, ó tilẹ̀ máa ń jù Sriracha lọ níbẹ̀, ní ojú tèmi. Ẹ dín iyọ̀ tàbí sọ́ọ̀sì sóyà tí ẹ ti fẹ́ lò kù. Ẹ má kán an lé ẹyin lórí láìkọ́kọ́ fi fínígà tú u.

Harissa, ata lílọ̀ ti àwọn ará Tunisia, kò burú, ṣùgbọ́n òróró, irúgbìn coriander àti irúgbìn caraway tí ó wà nínú rẹ̀ yóò darí oúnjẹ gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ lò ó fún ẹran àgùntàn, ẹ̀wà tàbí ewébẹ̀ tí a yan. Ẹ má lò ó fún núdùsù tí ó ti ní sọ́ọ̀sì sóyà, àwọn òórùn náà kì í bá ara wọn mu.

Shito ti àwọn ará Ghana àti ata díndín tiwa jọra ní ọ̀nà kan: òróró ni ó gbé àwọn méjèèjì, wọn kò sì ní fínígà. Lórí ìrẹsì funfun, ẹyin àti iṣu sísè, mo lè fi wọ́n sílò láìṣiyèméjì, pàápàá bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i kí ó lè kan. Wọn kò yẹ fún mayonnaise, nítorí òróró wọn yóò mú un tú. Ẹja gbígbẹ àti edé inú shito pẹ̀lú yóò yí adùn rẹ̀ padà.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ketchup àti ata gígún gbígbẹ wà. Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sún mọ́ Sriracha ju ọ̀pọ̀ ata olówó iyebíye lọ, nítorí ketchup ti ní ṣúgà, fínígà àti iyọ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Ẹ mú ṣíbí ìjẹun kan ketchup, ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré ata gígún, ẹ̀kán fínígà díẹ̀ àti ìdajì ẹyọ aáyù tí a rin. Ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ata náà lè rin dáadáa. Bí ẹ bá lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ata gígún náà yóò máa ha ẹnu bí iyanrìn, títa rẹ̀ kò sì tíì jáde tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín

Ẹni tí ó bá wà nítòsí ọjà ata tútù kò nílò láti máa wá ìgò kiri. Ẹ ra tàtàṣé pupa mẹ́rin tí ó tóbi, tí ìwọ̀n wọn tó bíi gíráàmù 400, àti ṣọ̀ǹbọ̀ pupa mẹ́ta. Ẹ yan èyí tí ara rẹ̀ le, tí ó ń dán, tí kò sì ní ibi tí ó ti rọ̀ nítòsí ìdí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni jíjẹrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún nílò ẹyọ aáyù mẹ́rin, ṣíbí kékeré kan àti ààbọ̀ iyọ̀ tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba, ṣíbí ìjẹun méjì ṣúgà, pẹ̀lú mílílítà 100 fínígà. Kí fínígà náà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ìdá 5 nínú 100 sí lára. Bí àwọn ará ilé yín bá fẹ́ kí ó ta, ẹ fi ìdá mẹ́rin ata rodo kan kún un, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ fọ ata náà, ẹ yọ ìdí rẹ̀ kúrò, ẹ la tàtàṣé kí ẹ sì gbọn kóró rẹ̀ dànù. Ẹ gbẹ omi ara wọn nù dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gbogbo ata náà pẹ̀lú aáyù, iyọ̀ àti ṣíbí kékeré kan lára ṣúgà náà, ẹ má fi omi sí i rárá, kí ẹ sì dá a dúró nígbà tí kò bá tíì kúnná tán. Ẹ bù ú sínú ìgò gíláàsì tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀, ẹ má jẹ́ kí ó kún ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, ẹ dé e láìfún un pa, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò yìí kò yàtọ̀ sí bí ògì ṣe ń kan nínú omi: àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ó wà lára ata ń jẹ ṣúgà rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ohun kíkan, nígbà tí iyọ̀ ń lé àwọn èyí tí ń ba oúnjẹ jẹ́ sẹ́yìn. Nínú ooru Èkó, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Nínú yàrá tí ó tutù ní London, ó lè tó ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ẹ máa ṣí i lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì fi ṣíbí mímọ́ rò ó kí ojú rẹ̀ má baà gbẹ. Ẹ ó rí ihò kéékèèké lára ata náà ní ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, àwọ̀ rẹ̀ yóò rọ̀ díẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì máa kan ní ọ̀nà tí ó mọ́. Bí èéhù onírun bá yọ lójú rẹ̀, ẹ má bù ú kúrò kí ẹ sì lo ìyókù. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dànù.

Nígbà tí ó bá ti kan tó, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú fínígà àti ṣúgà tí ó kù. Ẹ ṣí fèrèsé, nítorí ooru ata àti fínígà a máa fa ikọ́ fún gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí ó hó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná nínú blẹ́ńdà, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kọjá nínú asẹ́. Ẹ má fojú kéré sísẹ́ yìí. Èèpo tàtàṣé kì í lọ̀ tán, òun ni ó sì máa ń mú kí ata àfọwọ́ṣe rí bí ata ọbẹ̀ lásán. Ẹ dá èyí tí ẹ sẹ́ padà sórí iná, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ kán an sí àwo tútù, kí ẹ fi ìka fa ilà kọjá láàárín rẹ̀: bí etí ilà náà bá dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sún mọ́ra, ẹ gbé e kalẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè dúró de ọjọ́ mẹ́ta lè se é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Adùn rẹ̀ kò ní jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì nílò fínígà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ṣì dára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àlùbọ́sà, tòmátò tàbí kúùbù adùn ọbẹ̀ sí i, ẹ má sì fi òróró dín in. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wa ti mọ́ bẹ́ẹ̀, ata díndín tí ó bá sì jáde láti inú rẹ̀ yóò dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń wá nìyẹn. Ẹ tún fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá gé ata tán, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú tàbí ọmọ ọwọ́. Òróró díẹ̀ tí a kọ́kọ́ fi pa ọwọ́ a máa bá ọṣẹ náà ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tọ́ ọ wò kí ó tó wọ inú ìkòkò

Ìka kọ́ ni a fi ń tọ́ ọ wò. Ẹ bu ṣíbí kan lára oúnjẹ tí ẹ fẹ́ fi sí, bóyá ìrẹsì, núdùsù tàbí mayonnaise náà, kí ẹ pò ó mọ́ ohun tí ẹ yàn, kí ẹ sì jẹ ẹ́. Kíkan ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Bí oúnjẹ náà bá rí bákan, tí ó ń sú ẹnu, fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó ń béèrè, kì í ṣe ata. Lẹ́yìn kíkan ni ẹ ó wá mọ̀ bóyá ṣúgà kù, ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ sì ni kí ẹ máa fi í sí i. Iyọ̀ ló kàn, títa ni kí ó kẹ́yìn, nítorí a kò lè yọ ọ́ kúrò mọ́ bí ó bá ti wọlé.

Bí ó bá ti ta jù, omi kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rá ni kí ẹ wá: wàrà àgbọn nínú ọbẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ nínú núdùsù, mayonnaise tàbí ẹyin sí i nínú sáńdíwíìṣì. Ṣúgà díẹ̀ náà yóò rọ ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn tí yóò jẹ ẹ́, àti bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀

Ìgò alákùkọ kò ní ẹja, edé, sóyà tàbí ọkà wíìtì nínú, nítorí náà àwọn tí irú nǹkan wọ̀nyí kì í bá lára mu ti máa ń jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ohun tí ó rọ́pò rẹ̀. Sóyà wà nínú gochujang, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì tún ní ọkà wíìtì. Edé wà nínú shito àti nínú irú sambal kan. Bí ẹ bá ń se fún àlejò, ẹ ka ara ìgò, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣe, inú fìríìjì ni kí ó máa wà, nínú ìgò gíláàsì mímọ́, kí ẹ sì lò ó tán láàárín oṣù kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sára ìgò, kí ẹ má sì ti ṣíbí tí ó ti kan oúnjẹ bọ̀ ọ́. Kíkan rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò ó, nítorí náà ẹ má dín fínígà kù ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni aáyù tútù tàbí ata tútù tí a rì sínú òróró láìsí fínígà, tí a wá gbé kalẹ̀ sórí tábìlì fún ọjọ́ púpọ̀. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ Clostridium botulinum, ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé tí kò sì kan ni ó ti ń gbèrú, májèlé rẹ̀ lè pa ènìyàn, òórùn oúnjẹ náà sì lè má yí padà rárá. Ìwọ̀nba tí ẹ lè lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ ṣe nínú irú èyí, kí ó sì wà nínú fìríìjì láti ìgbà tí ó bá ti tutù.